Pupa Tí Ó Yẹ Kí N Fi Sí Síkẹ́ẹ̀tì Eevi

Bélú 25, ọjọ́ Ajé

Afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, òjò wínníwínní. Àwọn obìnrin abúlé wọ funfun, wọ́n ń ti ilé dé ilé kọrin ọdún Kadri, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún ní ọjọ́ òní. Mo fún wọn ní ápù àti irun àgùntàn ẹ̀kún apá kan. Raissa ọ̀rẹ́ mi ló ṣáájú wọn, ó fi àtíkè kun ojú bí òkú.

"Helju, o ò ní bá wa jáde ni? Àbí o ti di arúgbó mọ́ wa lọ́wọ́?"

Mo ní kó máa lọ, kó yéé da àtíkè sílẹ̀ ilé mi. Ogún ìbọ̀wọ́ ni mo ṣèlérí fún ọjà Kérésì ní Pärnu, ìlú tó wà lódìkejì òkun, méjìlá péré ló wà nílẹ̀. Súwẹ́tà ọkùnrin mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀kan ò tíì ní apá.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Eevi ń fọ abọ́. Ó pé ọdún mẹ́ta ní oṣù tó kọjá tí a sin Mihkel ọmọ mi, ìyàwó rẹ̀ yìí ò sì tíì wọ nǹkan mìíràn ju dúdú àti aró lọ, àwọ̀ ọ̀fọ̀ erékùṣù wa. Kò wẹ̀yìn, ó kàn sọ̀rọ̀ sínú omi ọṣẹ.

"Màmá, etí síkẹ́ẹ̀tì mi ti gbó."

"Mo rí i."

"Bí ẹ bá máa fún mi lẹ́bùn Kérésì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ hun òmíràn fún mi."

"Àwọ̀ wo lo fẹ́?"

"Èyí tó bá wù yín."

Ó nu ọwọ́, ó lọ sí yàrá rẹ̀. Èyí tó bá wù mí! Ẹ wo ẹrù tí ọmọ gbé lé mi lórí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fi pupa, àmì pé ọ̀fọ̀ ń tán, sára, ẹnu ará abúlé á jẹ ẹ́ tán. Bí ó bá jẹ́ ìyá ọkọ ló hun ún fún un, ta ni yóò yanu? Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi. Bí pupa bá ti wọ aṣọ rẹ̀, ọkùnrin á tẹ̀lé e. Á kó ẹrù rẹ̀, á lọ, á wá ku èmi, òfì àti ológbò.

Bélú 28, Ọjọ́bọ̀

Yìnyín àkọ́kọ́. Ó yọ́ kó tó di ọ̀sán. Kaarel, ẹni tó ń mójú tó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tún wá wo alùpùpù Eevi. Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin kì í tún alùpùpù kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta láìnídìí. Eevi gbé tíì jáde fún un, ó fi sórí ògiri ọgbà, ó wọlé padà kíákíá. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ojú kì í ti àgbà tó bá ń wo ohun tó kàn án.

Bélú 30, Àbámẹ́ta

Mo na òwú sórí òfì nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo sọ fún Eevi pé kó má fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ títí Kérésì. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò ní débẹ̀, Màmá."

Ọ̀pẹ̀ 3, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Iná mànàmáná lọ lọ́sàn-án, mo hun pẹ̀lú àbẹ́là. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ilẹ̀ ti ṣú. Síkẹ́ẹ̀tì Eevi ń gbèrú. Mo ti fi pupa sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi í sí i, kò sí ẹni tó máa pè mí ní ahun. Inú mi dùn sí ara mi, mo bu kọfí kejì.

Ọ̀pẹ̀ 7, Àbámẹ́ta

Ìbọ̀wọ́ méjìdínlógún. Àtàǹpàkò ń ro mí.

Ọ̀pẹ̀ 8, Àìkú

Eevi fi koríko ọkà ráì ṣe adé Kérésì, ó so ó rọ̀ sókè tábìlì. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, á máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dá ju tèmi lọ nídìí koríko. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pẹ̀ 14, Àbámẹ́ta

Ọjà Kérésì ní Pärnu. Èmi àti Raissa wọ ọkọ̀ ojú omi àárọ̀, òkun rọ̀. Òtútù mú wa nídìí tábìlì bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè, ṣùgbọ́n ọjà tà. Ogún ìbọ̀wọ́ ni mo kó lọ, méjì ni mo kó bọ̀.

Ọkùnrin kan dúró níwájú wa pẹ́ títí, ó ń họ orí.

"Màmá, kí ni èèyàn lè rà fún ìyá ìyàwó rẹ̀ tí kò fẹ́ràn rẹ̀?"

"Ìbọ̀wọ́ ni," ni mo wí. "Èyí tó nípọn. Bí ó bá gbá ọ létí, kò ní dùn ọ́ púpọ̀."

Ó ra méjì. Raissa ní ó dájú pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan dé. Bàtà aláwọ gíga, fìlà onírun kékeré létí orí, gbogbo ohun tó wà lóde. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni mo rí: síkẹ́ẹ̀tì erékùṣù wa, dúdú àti aró láti òkè délẹ̀, kò sí fọ́nrán pupa kan nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

"Kú kẹ̀? Kò sẹ́ni tó kú o, Màmá."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́hùn-ún, ó ń mu kọfí."

"Bàbá?"

"Òun ló wa ọkọ̀ tó gbé wa wá."

Raissa ti fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kí ló wá dé tó o fi wọ aṣọ ọ̀fọ̀, àní èyí tó le jù?"

Ó wo ara rẹ̀ nílẹ̀. "Ó bá bàtà mi mu ni. Òun ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní Tallinn báyìí."

A rẹ́rìn-ín dójú ikú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ra ìbọ̀wọ́ pupa, kí ìyá rẹ̀ má bàa kú, ó ní. Ọmọ dáadáa ni.

Ẹ̀rín tán lójú mi nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Ohun tí ọmọ yẹn á bọ́ lálẹ́ òní, tí á gbé kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, Eevi ti wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré ni Eevi. Inú mi bà jẹ́ títí a fi gúnlẹ̀.

Ọ̀pẹ̀ 15, Àìkú

Ọjọ́ burúkú. Raissa wá mu kọfí lẹ́yìn ìsìn, Eevi ò tíì dé. Mo mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn kó lè yìn mí. Mo ti hun ju ìdajì lọ. Ó dúró níwájú òfì, kò yìn mí.

"Helju, ta lò ń hun èyí fún?"

"Ta ni mo tún ní? Eevi ni."

"Ìgbà wo ni Mihkel kú?"

"Ìwọ náà mọ ìgbà tó kú."

"Èmi mọ̀. Aṣọ yìí ni kò mọ̀. Aṣọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú ní Àjíǹde tó kọjá lo hun yìí."

"Mo fi pupa sí i!"

"O fi pupa sí i bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ aláìsàn. Wá kà á."

Mo fẹ́ bá a jà. Mo gbé àtùpà wá, a jọ kà á. Fọ́nrán pupa kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Lẹ́yìn rẹ̀, dúdú, aró, dúdú, aró, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà fọ́nrán kan. Mo lọ mú síkẹ́ẹ̀tì Eevi tó gbó, èyí tí mo hun fún un ní òtútù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ fọ́nrán pupa yẹn kúrò, ọ̀kan náà ni wọ́n, ìlà fún ìlà. Ní ọdún kẹta, ó yẹ kí pupa fẹ̀ tó ìka méjì, kó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹni tó wà lókè ọ̀nà rí i. Èmi tí mo ti ń hun láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! N kò wo ìwé àwòṣe híhun, n kò ka òwú, mo fi ọwọ́ sílẹ̀ kó máa ṣe ohun tó mọ̀. Ọwọ́ mi ò tíì kúrò nídìí sàréè.

Mo jókòó sílẹ̀. Raissa ò sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan, èyí ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Gbé àlùmọ́gàjí yẹn fún mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti apá kan, èmi láti apá kejì.

Ọ̀pẹ̀ 16, ọjọ́ Ajé

Títú ju híhun lọ ní agara. Ó tán ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òwú pupa tí mo ní ò ju ẹ̀kún ọwọ́ méjì lọ. Ìyẹn náà yé mi: ẹni tó bá fẹ́ fi pupa sí aṣọ dáadáa á ti ra pupa. Ilé ìtajà wa ò ní irú rẹ̀. Pärnu nìkan ni, wọ́n sì ní ìjì ń bọ̀ láti ọ̀la.

Mo gun kẹ̀kẹ́, mo lọ sí èbúté. Kaarel ń fi àkísà nu ọwọ́. Ọkùnrin gígùn ni, irùngbọ̀n rẹ̀ rí bíi koríko etí òkun. N kò tíì bá a sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ rí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé alùpùpù yẹn tún ti dákẹ́ ni?"

"Alùpùpù yẹn sàn ju èmi lọ. Ìwọ lo mọ ohun tí ò ń tún ṣe lára rẹ̀."

Ojú rẹ̀ pọ́n dé etí. Mo fi fọ́nrán òwú lé e lọ́wọ́.

"Pupa yìí gan-an. Kì í ṣe pupa tòmátò, kì í ṣe pupa ọkọ̀ panápaná. Ìdajì kílò."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá?"

"Bí ó bá kàn ọ́, wàá mọ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó fi òwú náà sínú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ bí ẹni fi owó pamọ́. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi padà, afẹ́fẹ́ ń lù mí lójú. Nínú gbogbo ọkùnrin ayé, òun ni mo rán.

Ọ̀pẹ̀ 17, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìjì. Ọkọ̀ ò padà dé láti òdìkejì. Mo hun títí pupa ọwọ́ mi fi tán.

Ọ̀pẹ̀ 18, Ọjọ́rú

Ìjì. Mo fi apá sí súwẹ́tà tó kù. Mo ṣe bísíkíìtì atalẹ̀, apá kan jó mọ́ mi lọ́wọ́. Eevi jẹ èyí tó jó, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni.

Ọ̀pẹ̀ 19, Ọjọ́bọ̀

Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ ní òru. Kaarel kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Eevi wà níbi iṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé. Ó gbé àpò mẹ́ta lé orí tábìlì.

"Kí ni gbogbo èyí?"

"Màmá, mẹ́ta ló jọ ọ́. Mo dúró níwájú wọn títí obìnrin tó ni ilé ìtajà fi ní òun fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí kí n má ra èyí tí kì í ṣe òun. Mo bá ra gbogbo rẹ̀."

"Èwo lo rò pé òun ni?"

Ó ronú. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan.

"Tòmátò nìyẹn," ni mo wí.

"Ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo mọ̀, Màmá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ní kó jókòó, mo bu ọbẹ̀ ẹja fún un àti búrẹ́dì dúdú. Ó jẹun bí ẹni tí kò jẹun láti ìgbà ìjì. Nígbà tó tán, ó dìde, ó fọ abọ́ rẹ̀, kò bi mí léèrè ibi tí ọṣẹ wà. Kò dárúkọ Eevi. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Mihkel kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ kọjá àpáta ìwọ̀-oòrùn. Ó máa ń bú mi dáadáa. Ó ní mo ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ Mihkel nínú ilé yìí láì gbé ohùn sílẹ̀. Mo rí ọmọ mi tó ń bú èèyàn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún díẹ̀, mo sì lọ hun aṣọ.

Ọ̀pẹ̀ 22, Àìkú

Ó tán! Mo gé e kúrò lórí òfì. Mo ka gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀mejì ní ojú fèrèsé. Pupa ibẹ̀ gbóná. Kí Ọlọ́run dárí jì mí tí mo hun lọ́jọ́ Àìkú.

Ọ̀pẹ̀ 23, ọjọ́ Ajé

Mo ń ká aṣọ náà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, Raissa ń rán ìbàdí rẹ̀. Eevi ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ọkà báálì kún ìfun fún sọ́séèjì nínú ilé ìdáná, òórùn rẹ̀ gba ilé. A ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ bí olè.

Ọ̀pẹ̀ 24, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A lọ sí ibojì ní aago méjì. Yìnyín dé kókósẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́, àbẹ́là ń jó lórí gbogbo sàréè. Eevi fi ọwọ́ lásán gbá yìnyín kúrò lórí orúkọ Mihkel. Mo ní kó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kò tutù.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo gbé ẹ̀bùn rẹ̀ fún un. Ó tú bébà náà wẹ́rẹ́, ó ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a lè tún un lò. Ó wá na síkẹ́ẹ̀tì náà sórí orúnkún. Ó fi ìka tọ pupa náà láti òkè délẹ̀. Mo ń retí ẹ̀rín. Ẹkún ló bú sí.

"Màmá, ṣé ẹ ń lé mi ni?"

"Kí lo wí?"

"Ẹ ní kí n máa lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mi ti sú yín."

"Ìwọ lo ní kí n hun èyí tó bá wù mí!"

"Torí kí n lè mọ̀ ni! Mo rò pé bí ẹ bá hun dúdú, ẹ ṣì fẹ́ mi nílé. N kò lè bi yín lẹ́nu. Ọdún mẹ́ta, Màmá, kò sí ọmọ tí mo bí fún un, kí ni mo tún ń ṣe nílé yín?"

Ẹ gbà mí o. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ òwú tí a tú wá, mo dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀, dúdú àti aró wíwọ́, òkìtì.

"Ṣé o rí èyí? Ju ìdajì aṣọ lọ ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ hun fún ọ rèé, aṣọ opó tuntun. Ẹ̀rù ló hun ún. Mo rò pé bí o bá wọ pupa, wàá lọ, wàá fi mí sílẹ̀. Bí ìwọ ṣe ń bẹ̀rù pé mo máa lé ọ, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń bẹ̀rù pé wàá lọ."

Ó wo òwú náà. Ó wò mí. Ó fi apá nu imú, àgbàlagbà ọmọ.

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

"Mo gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì wà ní Pärnu."

"Màmá!"

"Bí ó bá fẹ́ wá, kó wá. Mo lè fara da ọkùnrin tó ń fọ abọ́ ara rẹ̀. Bí o bá sì bá a lọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ ṣì máa wà lọ́wọ́ rẹ. Ilé rẹ lèyí."

A jọ sunkún, a wá jọ jẹ bísíkíìtì tó jó. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì náà, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó tún bọ́ ọ. Ó ní òun ò lè wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la.

"Ẹnu Ìyá Akuliina, Màmá."

"Fi Akuliina sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀pẹ̀ 25, Ọjọ́rú, Kérésì

Oòrùn yọ, kò mooru. Eevi wọ síkẹ́ẹ̀tì náà. Mo ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dákẹ́ láti ìjókòó dé ìjókòó bí a ti ń kọjá. N kò gbọ́ ìwàásù.

Níta, lẹ́yìn ìsìn, Akuliina ti dúró de wa lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, gbogbo erékùṣù ló ti bá wí rí. Àwọn obìnrin yòókù rọra sún mọ́ tòsí, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń so ìborùn. Ó wo Eevi láti ẹsẹ̀ dé orí, èmi ló sì bi.

"Ta ló fi pupa sára ìyàwó Mihkel?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti àná: pé ọdún mẹ́ta pé, pé ó ti tó. Gbogbo rẹ̀ fò lọ lórí mi.

"Èmi ni, Ìyá Akuliina. Kì í ṣe ìyàwó Mihkel mọ́. Ọmọ mi ni."

N kò sọ ọ́ rí pé kì í ṣe ìyàwó Mihkel mọ́, àní nínú ara mi. Ó dùn mí dé eegun. Eevi di apá mi mú lẹ́yìn.

Akuliina tẹ̀ síwájú, ó mú etí síkẹ́ẹ̀tì náà láàárín ìka méjì, ó yí i wo inú, ó ka pupa náà pẹ̀lú ètè láì dún.

"Etí rẹ̀ gùn jù lẹ́yìn," ló wí níkẹyìn. "Á máa wọ́ nínú yìnyín. Tún un ṣe."

"Màmá mi á tún un ṣe," ni Eevi wí, ó sọ ọ́ sókè, gbogbo wọn gbọ́.

Mo ti tú etí náà, mo ti ń rán an. Eevi jókòó tì mí, ó ń bá mi fi òwú sínú abẹ́rẹ́, nítorí ojú mi ò ríran dáadáa lónìí.